Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀ Lọ́yà

Níbi iṣẹ́ wa, nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, Ìyálé là ń pe ẹ̀rọ tó ń wọn òjé inú ẹ̀jẹ̀. Bí yàrá bá gbóná díẹ̀, á figbe ta. Bí èèyàn bá gbé eruku wọlé, irọ́ ni yóò máa pa fún wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ pè mí ní aláṣejù, mo gbà.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, kí wọ́n yọ́ òjé inú rẹ̀, kí wọ́n tà á. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn jìnnà sílé, wọ́n á ní ìwé ti dà mí lórí rú. Lọ́yà là ń pe ọmọbìnrin wọn, torí ọmọ náà lè rojọ́ kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wẹ̀. Nígbà tó yá, Lọ́yà dákẹ́. Inú ń run ún. Ó ń pe ife ní “nǹkan yẹn”, ó pe èmi náà ní “nǹkan yẹn”.

Mo ní kí wọ́n gbé e wá. Èmi fúnra mi ni mo fi ọṣẹ fọ apá rẹ̀, tí mo tún un fọ̀, torí òjé tó bá wà lára awọ lásán lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo gbé e fún Ìyálé, iye òjé tó sọ ga jù. Mo ní irọ́ ni. Mo nu ẹ̀rọ, mo tún ẹ̀jẹ̀ gbé sí i, iye kan náà ló sọ. Dókítà ọmọdé ní oògùn kan wà tó ń fa òjé kúrò lára, wọ́n á ránṣẹ́ lọ mú un wá, àmọ́ ohun tó bá ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ, òun ò lè ṣèlérí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jiyàn. Wọ́n sunkún, ọkùnrin tí n ò rí omi ojú ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní eruku òjé ló ń pa ọmọ náà lára. Mo sọ pé àkísà tútù ni kí wọ́n máa fi nu ilẹ̀, mo sọ pé kí ọmọ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó wọn. Eruku nìkan ni wọ́n gbọ́.

Nígbà tí oògùn dé, wọ́n gbé Lọ́yà wá kí n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti pa iṣẹ́ tì, àwọn ń gbá ilé láàárọ̀ lálẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìnkùlé, ibi gbogbo. Wọ́n ní Lọ́yà gan-an ló ń bá àwọn kó o: àwọn á gbá, òun á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kó o. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Wọ́n ní omi kẹ̀?

Mo wọlé lọ bá Ìyálé. Mo ń bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ lásánlàsàn, mo ń bẹ̀ ẹ́. Iye náà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Àbúrò mi, ṣé ó ti lọ sílẹ̀?”

Mo ní, “Ó ti lọ sókè, bọ̀dá mi. Gbígbá yẹn ló gbé eruku sókè fún un.”

Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ Lọ́yà. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

“Ìgbálẹ̀ tí mò ń fi tọ́jú ẹ̀?”

Bí Lọ́yà ṣe gbọ́ ìgbálẹ̀, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó da ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sílẹ̀, ó wá ń wojú bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbá eruku bọ̀.