Ẹni Àkọ́kọ́ Láàrin Àwọn Adènà

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì ku wákàtí méjì péré. Táyé Adélékè jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan ní Torino, ó gbé ìwé lé itan, ó ń wo orúkọ ọmọkùnrin méjìlá. Yunifásítì ni gbogbo wọn ti wá, láti Padova, láti Bologna, láti Genova. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbá, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n máa ń gbé mọ́ àyà sáré, tí àwọn adènà á sì fi gbogbo ara kọlu ẹni tó bá gbé e.

Lọ́dún 1994 yẹn, líìgì tuntun kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Wọn yóò máa yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, Torino ló sì máa kọ́kọ́ yàn. Signor Gallo tó ni ẹgbẹ́ Torino kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú eré náà. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Táyé to àwọn adènà látorí ẹni kìíní dé orí ìkejìlá. Ọdún mẹ́rin ni Táyé fi gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kó tó tẹ̀lé Bùsáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wá sí Itálì. Láti ìgbà tó ti dé, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹran ní Padova ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa pè é nítorí ohun tó mọ̀.

Orúkọ tó wà lókè pátápátá ni Olújùwọ́n Bọ́ládé, ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Padova. Lóòótọ́, ìjọ kan náà ni Táyé àti ìyá ọmọ náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ojú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ni àwọn yòókù máa ń wò. Ìbàdí ni Olújùwọ́n ń wò, nítorí ojú lè tan ènìyàn, ìbàdí kì í tanni.

Nínú ìdánwò tó kẹ́yìn lọ́sàn-án yẹn, òun àti ọmọkùnrin Bologna kan forí sọ orí. Akoto méjèèjì ró gbàù. Olújùwọ́n ṣubú, ó dìde kíá, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó rọra rìn wá sídìí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni yíyàn náà?"

"Aago mẹ́rin."

Ó mumi, ó nu ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni yíyàn náà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ ni."

"Àbí? Sto bene, ara mi le." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì rẹ̀ kiri, báàgì ọ̀hún sì wà léjìká rẹ̀. Ó tún yíjú padà. "Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni wọ́n ní?"

Táyé náà ti ṣubú dìde bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní báyìí, ó ní láti kọ orúkọ ibi tó ti máa sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bùsáyọ̀ rò pé àárẹ̀ ni. Táyé kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni yóò gba ẹni tó ń gbàgbé sídìí ẹ̀rọ tó ń gé ẹran?

Ó lọ bá Signor Gallo níbi tó ti ń fa sìgá.

"Ẹ má yan Olújùwọ́n lónìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ṣé kò dìde ni? Àbí òun kọ́ ló dára jù?"

"Òun ló dára jù."

"Bí n kò bá yàn án, ẹgbẹ́ Bologna máa yàn án."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́."

Gallo tú èéfín jáde. "Ṣé dókítà ni ẹ́? Báwo lo ṣe mọ̀?"

Táyé lè dákẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ náà á dúró, orúkọ náà á dúró.

"Torí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára mi nìyẹn," ni ó wí. "Títí di òní, mo ṣì máa ń gbàgbé."

Gallo gba ìwé tó wà lọ́wọ́ Táyé, ó wò ó. "Ẹni tó ń gbàgbé ló wá to èyí fún mi." Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò, ó sì kọjá lọ. Iṣẹ́ Táyé parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí bẹ́ǹṣì kí Táyé tó padà débẹ̀. Màmá Olújùwọ́n, Abísọ́lá, tó ń tọ́jú arúgbó ní Padova, ti bá ọmọ rẹ̀ wá láti ìdájí. Ó dúró gbọnin, ó di báàgì mú.

"Brother Táyé, ẹ̀yin? Ọmọ tí ẹ gbé lékè gbogbo wọn, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ já a lulẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?" ni Olújùwọ́n wí.

"Mà, ẹ má bínú," ni Táyé wí. "Ẹ sáà bi í pé kí lẹ wọ̀ wá síbí lónìí."

Ìyá náà pòṣé. "Olú, dá wọn lóhùn. Kí la wọ̀ wá?"

"La macchina, mamma," ni ọmọ náà wí wéré. "Mọ́tò pásítọ̀."

Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀. Láti Verona dé Milano, ìdúró ni wọ́n wà.

Abísọ́lá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní ìkókó. Lẹ́yìn náà ló pariwo mọ́ Táyé pé, "Ẹ wá tasì! Kí lẹ ń wò?"

Ní agogo mẹ́rin, nígbà tí Torino yan ọmọkùnrin Bologna yẹn, inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí ni Olújùwọ́n wà. Dókítà jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tú sínú orí rẹ̀. Bóyá kò ní nílò iṣẹ́ abẹ, wọn yóò máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ láéláé.

Olújùwọ́n gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Táyé pe orúkọ rẹ̀, ó fa aṣọ bojú, odindi ọdún kan ló sì kọjá kó tó kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Níta, ní kọ̀rídọ̀, Abísọ́lá jókòó, ó fi àga kan sílẹ̀ láàrin òun àti Táyé. Ó kọjú sí i.

"Wọ́n ní ẹ sọ fún òyìnbó yẹn pé ẹ máa ń gbàgbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bùsáyọ̀ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Táyé mi orí pé rárá.

Ìyá náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì lọ sídìí tábìlì nọ́ọ̀sì. Italian rẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó ké dáadáa. "Anche lui," ni ó wí, ó nawọ́ sí Táyé. "La testa." Ó ń sọ pé òun náà, orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó ní kí Táyé súnmọ́ tòsí. Ó bi í ní orúkọ, ó sọ ọ́. Ó bi í ní ọjọ́ ìbí, ó sọ ọ́. Ó wá bi í pé ọjọ́ wo la wà lónìí.

Táyé dúró, ó ń wá a. Abísọ́lá ń wò ó, kò sì bá a dáhùn.

"Sábátò," ni ó wí nígbẹ̀yìn, lóòótọ́ Sátidé ni, ó sì jókòó láti dúró de dókítà.