Ohun Tó Bá Kú Lọ́wọ́ Fàlílù

Kò sí ohun abẹ̀mí kan tí Fàlílù sìn rí tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú o. Ìfẹ́ ló fi ń pa wọ́n. Ewúrẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, gààrí gbígbẹ ló fi bọ́ ọ ní àbọ́yó, ó wá fún un lómi mu lé e, inú ẹran náà sì wú títí ó fi ṣubú. Adìyẹ tó ń sàba, ó ní òtútù ń mú un, ó gbé e sún mọ́ ààrò. A fi í se ọbẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ohun tí kò lẹ́mìí, ẹ fi Fàlílù sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ ra ọjà ní Ṣàngó ti dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń sá tẹ̀lé e lọ, síbẹ̀ ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n yọ ọ́ nínú páálí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àpọ́nlé, ni òdìkejì rẹ̀. Bí Àpọ́nlé bá ri igi gbígbẹ mọ́lẹ̀ kó lè sá aṣọ lé e, igi náà á rúwé. Ṣùgbọ́n kò sí abọ́ tí kì í fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ tí kì í sọnù. Ó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan sínú bọ́lẹ̀kájà rí, ó sì rìn délé kó tó mọ̀.

Ọdún tí ọbabìnrin òyìnbó wá bẹ̀ wá wò ni ìyá wọn, Mùíbátù aláró, dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ọ̀tà. Nígbà tó rí i pé òun ò ní dìde lórí ẹní yẹn mọ́, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Bàdírù, olórí ẹbí wa.

Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ohun tó bá ní ẹ̀mí nínú ilé mi, ẹ fún Àpọ́nlé. Èyí tí kò bá lẹ́mìí, ẹ fún Fàlílù. Bí ẹ bá pín in lọ́nà mìíràn, kí oṣù tó parí, gbogbo ẹran á ti kú, gbogbo abọ́ á sì ti fọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó sì fi ayé sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i bi ní ìbéèrè kan. Àlùfáà ní ẹ̀sìn ò pín ogún báyẹn. Bàbá Bàdírù ní kí Àlùfáà lọ bá Mùíbátù sọ ọ́ níbi tó wà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ìpín bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́, adìyẹ, igi obì ẹ̀yìnkùlé: Àpọ́nlé. Ilé, àpótí aṣọ, bẹ́ẹ̀dì onírin, fìtílà: Fàlílù. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí wọ́n fi dé abẹ́ àtíbàbà níbi tí ìkòkò aró wà.

Aró yẹn ti wà kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Mùíbátù a máa bu ewé ẹ̀lú sí i, a máa bu omi eérú sí i, bí ẹni ń bọ́ àgbàlagbà tí kò léyín. Bí ara aró bá dá, ìfófò aláwọ̀ aró á bo ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di dúdú lójú ẹni. Bí ara rẹ̀ ò bá dá, aṣọ á wọlé ní funfun, á sì jáde ní funfun.

Àpọ́nlé ní, "Tèmi nìyí. Iṣẹ́ tí ìyá mi kọ́ mi nìyí, n ò mọ òmíràn. Bí ẹ bá gba aró yìí lọ́wọ́ mi, kí ni màá máa jẹ? Ewé obì?"

Fàlílù ní, "Ìkòkò ni. Amọ̀ ni. Omi ló wà nínú rẹ̀. Ibo ni ẹ̀mí wà níbẹ̀?"

"Ṣé aró kì í kú ni?"

"Fìtílà náà ń kú. Èmi ni wọ́n fún ní fìtílà."

Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, Bàbá Bàdírù bá ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ àbúrò Mùíbátù ni mí, mo sì wà nílé fún ìsinmi láti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa nípa ẹranko àti ewéko. Mo sáré wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó báyìí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi àfi kí n tú u.

Bàbá Bàdírù wà lórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. "Àkọ̀wé, ẹ̀ ń gé ọ̀pọ̀lọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní Ìbàdàn, a gbọ́. Sọ fún wa: kí ló ń jẹ́ ẹ̀mí?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tó bá wà láàyè á máa jẹun, á máa mí, á máa yàgbẹ́, á máa rìn, á máa dàgbà, á máa bímọ. Bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, á mọ̀."

Fàlílù ní, "Bọ́lẹ̀kájà tó ń dúró ní Ṣàngó ńkọ́? Ó ń jẹ epo. Ó ń mí, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Ó ń rìn. Èéfín tó ń só sí wa lójú, kí la fẹ́ pè é? Bí dẹ́rẹ́bà bá sì fọwọ́ kàn án, á ké."

Mo ní, "Kì í bímọ, ẹ̀gbọ́n."

"Dẹ́rẹ́bà ń bá a ṣe ìyẹn. Kò sí ìdíkọ̀ tí kò bí sí láti ibí dé Abẹ́òkúta."

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá Bàdírù gan-an rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá dákẹ́ lójijì. "Ẹ dúró ná. Èmi ò dàgbà mọ́. N ò bímọ mọ́. Láti àárọ̀ n ò kúrò lórí àga yìí. Ta ló ni mí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Àpọ́nlé ní, "Bùọ̀dá Fàlílù ló ni yín, Bàbá. Ẹ ti bọ́ sí ìpín tiwọn."

"Mo ṣì ń jẹun!"

"Bọ́lẹ̀kájà náà ń jẹun, Bàbá."

Bàbá Bàdírù fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Ẹ̀kọ́ Ìbàdàn ò tó. Ó ti sọ bọ́lẹ̀kájà di èèyàn, ó ti sọ èmi di àga. Ọ̀nà tèmi nìyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun abẹ̀mí kì í pẹ́ lọ́wọ́ Fàlílù. Kó gbé aró náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó ri aṣọ sí i. Bí aró bá ti kú, a jẹ́ pé ó lẹ́mìí. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé kò lẹ́mìí."

Inú mi dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Kò tíì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dá irú ìdánwò yẹn sílẹ̀ rí. Àpọ́nlé nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn.

"Bó bá wá kú, Bàbá, ta ló ni ín?"

Mo dá a lóhùn kí n tó rò ó: "Bó bá kú, ó ti lẹ́mìí, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣùgbọ́n bó ti kú, kò lẹ́mìí mọ́, ẹ̀gbọ́n Fàlílù ló ni ín."

Bàbá Bàdírù ní, "Ìwọ, pa ẹnu rẹ dé."

Lọ́jọ́ kejì mo bá Fàlílù ru ìkòkò náà. A gbé e dé yàrá rẹ̀, Fàlílù wá fi ìdí lélẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi aró ṣe, ìgbà tó jẹ́ pé òun kì í ṣe obìnrin, kì í sì í ṣe aláró.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí ní Ikú-ẹran. N ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ òórùn yìí, Àkọ̀wé. Ṣé òórùn aró nìyí àbí òórùn ìyá mi? Bó bá jẹ́ pé ó lẹ́mìí, màá pa á, n ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Bó bá jẹ́ pé kò lẹ́mìí, á wà pẹ̀lú mi títí. Nítorí náà, kò lẹ́mìí."

Irú ẹ̀rí báyẹn ò sí nínú ìwé wa.

Ó sì tọ́jú aró náà o. Ó ti pinnu pé oúnjẹ lòun fi ń pa àwọn ẹran tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò bu ẹ̀lú sí i rárá, kò bu omi eérú. Bó ṣe ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ìkòkò títí ó fi pupa bí ọjọ́ tí amọ̀kòkò gbé e jáde. Ó rí ìfófò lójú aró, ó ní ìdọ̀tí ni, ó ré e dànù. Ó rí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, ó sẹ́ ẹ kúrò. Nígbà tó rí i pé ó ti fà, ó pọn omi kànga tó mọ́ gaara, ó dà á sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó tì í, á máa ròyìn ọjọ́ rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, gbogbo wa péjọ sí ojú ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ìkòkò ń dán. Àpọ́nlé ri aṣọ funfun sínú rẹ̀, ó dúró, ó fà á yọ. Funfun. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Kò sí òórùn kankan àfi ti kànga.

Fàlílù gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá fi bo ojú.

Bàbá Bàdírù ní, "Ó lẹ́mìí." Kò tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo Àpọ́nlé. "Ìwọ ńkọ́? Ìyá rẹ kú, aró ìyá rẹ kú, iṣẹ́ rẹ parí. Èé ṣe tí ojú rẹ gbẹ báyẹn?"

Àpọ́nlé wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. "Ẹ jẹ́ ká rìn dé àdúgbò Ìlò-Awẹ̀là, Bàbá."

Lórí kẹ̀kẹ́ Fàlílù la gbé Bàbá Bàdírù lọ, a so ọ̀pá gbígbẹ kan láti àtíbàbà Mùíbátù mọ́ ọn kí Bàbá lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Fàlílù sì ń tì í. Lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ Àpọ́nlé kan tó ń jẹ́ Rùkáyátù, ìkòkò titun kan wà lábẹ́ igi. Àpọ́nlé ṣí ìdérí rẹ̀. Ìfófò kún un dé ẹnu, òórùn náà sì kọlù wá bí ẹni pé Mùíbátù ló ṣí ilẹ̀kùn.

Àpọ́nlé ní, "Kí wọ́n tó gbé aró lọ, mo bu igbá kan nínú rẹ̀. Mo po omi eérú titun, mo fi ẹ̀lú sí i, mo wá da igbá yẹn lé e."

Mo pariwo, "Ọmọ ló bí!"

Fàlílù ní, "Olè ni! O jí i bù!"

"Bùọ̀dá, bí adìyẹ bá yé ẹyin, ṣé ẹni tó kó ẹyin jí adìyẹ ni?"

"Ta ló ni adìyẹ nígbà yẹn?"

"Ẹni tó ń sọ fún yín pé adìyẹ ni, tí ẹ ní ìkòkò ni!"

Bàbá Bàdírù fi ọ̀pá lu irin kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi dákẹ́. "Ó tó gẹ́ẹ́. Mùíbátù ti pín ogún rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò létí. Òkú, ti Fàlílù. Ọmọ òkú, ti Àpọ́nlé. Ẹ gbé mi lọ sílé, ebi ń pa mí, kẹ́nikẹ́ni má sì bi mí bóyá mo wà láàyè."

Fàlílù ò gbọ́. Ó ti ń rìn lọ sídìí ìkòkò, ó gbé imú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà sí ìfófò náà.

Àpọ́nlé ké, "Bùọ̀dá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yìn díẹ̀! Ẹ̀yìn sí i!" Ó wo àyíká, ó fa ọ̀pá àtíbàbà tó wà lára kẹ̀kẹ́ Fàlílù yọ, ó rì í mọ́lẹ̀. "Ẹ lè wá nígbà tó bá wù yín. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ òórùn, ẹ ròyìn fún un. Ẹ má kọjá igi yìí."

Fàlílù wo igi náà, ó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìkòkò. "Ṣé á gbọ́ mi láti ibí?"

"Ẹ pariwo."

Lójoojúmọ́ ló ń lọ. Àwọn ará Ìlò-Awẹ̀là ti mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń ta táyà kẹ̀kẹ́ ní Ṣàngó. Aró náà ń mú aṣọ, Àpọ́nlé ń jẹun, Fàlílù sì ti fi ìkòkò àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń nù ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Bàdírù tún ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Igi tí Àpọ́nlé rì mọ́lẹ̀ ti rúwé. Fàlílù ní nínú àtíbàbà ìyá òun ni igi náà ti wá, òun ni wọ́n pín in fún, gbígbẹ ló sì wà nígbà yẹn. Àpọ́nlé ní kó fọwọ́ kàn án ká wò ó.

Mo ti sọ fún ìránṣẹ́ náà pé ìdánwò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, n ò lè wá.