Aṣọ Pupa Tí Ìyá Gbádéyan Kò Hun Tán

Ọ̀sán gangan ni àpásà máa ń dún nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ká ní òru ni, Ọmọ́ṣọlá ì bá ní àlá ni òun ń lá. Ṣùgbọ́n oòrùn á wà lókè, ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo iṣu lágbàlá, igi tí ahunṣọ fi ń ki òwú mọ́ra á sì máa dún, gbì, gbì, gbì, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú ìyá ọkọ rẹ̀ jáde níbẹ̀.

Ìyá Gbádéyan ni ìyá ọkọ yìí. Láti ilẹ̀ Bùnú títí dé Kàbà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ òsì ló fi ń hunṣọ, kò sì sẹ́ni tó lè hun ún tó o. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń nàka sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bó bá fẹ́ bú u. Kò forúkọ pè é rí. "Ìyàwó" ló ń pè é fún odidi ọdún mẹ́jọ, bí ẹni pé wọn kò sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ nílé bàbá rẹ̀.

Aṣọ ipò ló ń hun lọ́wọ́ nígbà tó kú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin èèyàn ńlá nílẹ̀ wọn. Ara búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ló ti tú òwú rẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn. Ti ìsìnkú ara rẹ̀ ni. Ó ku díẹ̀ kó parí ló ṣubú sídìí òfì. Gbádéyan, ọmọ rẹ̀, onígbàgbọ́ paraku, fi aṣọ funfun sin ín lọ́jọ́ kejì, ó ti yàrá náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Ó rọrùn fún un. Òun kọ́ ló ń gbé ilé ọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ kẹta ni ibà mú Monica, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọ́ṣọlá bí. Bí àpásà bá ń dún, ara ọmọ á gbóná janjan; bó bá dákẹ́, á rọlẹ̀ díẹ̀. Mọ́tò Tájù tó ń kó èrò lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí ọsibítù wà, kò lè kọjá, afárá onígi ti já. Wọ́n ní ó di ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọmọ tí kò lè gbé omi mì mọ́, ṣé òun ló máa dúró de ọjọ́ mẹ́rin?

"Okun o, ìyàwó wa." Ìyá Ọmọ́níyì nìyẹn, arúgbó ahunṣọ tó ń gbé ilé kejì. Ó wo ọmọ, ó tẹ́tí sí yàrá náà, ó sì mirí. "Ìyá ọkọ rẹ ló ń hun aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá fi lè hun ún tán, ọmọ yìí ló máa fi wé, á sì gbé e lọ. Wọlé, kí o bá a hun ún tán, kó lè gba aṣọ rẹ̀, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kókó òwú tó kẹ́yìn, ìyàwó kì í so ó. Ẹ̀jẹ̀ ahunṣọ ló ń so ó. Ẹni tó bá so ó ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ránṣẹ́ sí Gbádéyan."

"Kàdúná kẹ̀, Ìyá? Kó tó dé, ọmọ mi á ti kú."

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù ba Ọmọ́ṣọlá débi pé kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Olúwa," ó wí, "o mọ̀ pé mi ò lọ bọ nǹkan kan. Ọmọ mi ni mò ń wá lọ." Ó tẹ́ Monica sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

Eruku bo gbogbo yàrá, àfi àpótí ìjókòó nìkan. Ó mú àpásà. Igi náà gbóná, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílẹ̀ ni. Aṣọ kò ku ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó jókòó, ó ń hun ún, ó ń gbàdúrà sókè. Èémí kan ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó ní Monica ni, kó tó rántí pé ẹnu ọ̀nà ni Monica sùn sí. Kò wẹ̀yìn. "Ìyá mi, ẹ ṣe sùúrù," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti ń parí ẹ̀ fún yín."

Nígbà tó ku kókó òwú tó kẹ́yìn, ó rò ó wò. Ẹ̀jẹ̀ Gbádéyan kọ́ ni Monica? Ẹ̀jẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀ kọ́? Bó bá sì gba iṣẹ́, aṣọ híhun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbé ọmọ náà wọlé, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì fi so ó. Lójú ẹsẹ̀, òógùn bo ọmọ, ibà lọ. "Ìyá, ebi ń pa mí," ni Monica wí. Ọmọ́ṣọlá bú sẹ́kún. Ó gbé aṣọ náà lọ sẹ́yìn ilé, ó wa ojú sàréè ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì bò ó mọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko, yàrá dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó pe Monica títí, kò dáhùn. Gbì, gbì, gbì.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Monica ló jókòó sórí àpótí. Òwú pupa tó ṣẹ́kù nínú igbá ti wà lórí òfì, ó tò gbọọrọ, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní aṣọ híhun rí sì ń hun ún lọ wéréwéré. Ọwọ́ òsì ló fi mú àpásà.

"Ìyàwó," ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Kí lo dúró ń wò? Tìẹ ni mò ń hun."

Yéè! Gbogbo ara Ọmọ́ṣọlá ní kó sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ ojú síta. Ṣùgbọ́n ta ló máa sá fi ọmọ sílẹ̀ fún? Ó yí padà, ó lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ òsì náà mú. Ó tutù, ó sì lágbára ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ.

"Monica lorúkọ ọmọ mi," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ náà ń fà, òun náà ń fà.

Ẹ̀ẹ̀keje tó ń kà á ló mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, tó kéré, tó gbóná, ti rọra di etí ìró rẹ̀ mú, bí Monica ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà á.