Ìyàwó Ìjọba

Ẹ̀rín ló mú kí Aránṣọ fi áyọ́ọ̀nù jó ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń lọ ọrùn aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí ilé aṣòfin, ó rọra ń fi ẹnu áyọ́ọ̀nù tọ etí aṣọ náà, ni ẹ̀rín bá sọ nínú yàrá kejì. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹ̀rín kèékèé ni, bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kí àìsàn tó dé, ohùn ẹlòmíràn sì ń bá a gbè é. Aránṣọ gbójú sókè, áyọ́ọ̀nù bà lé e níka, ó sì kígbe. Kò sí ẹni tó gbọ́. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

Ó ki ìka bọ ẹnu. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí ó mú un ní apá àti ẹsẹ̀ òsì, kò tíì rẹ́rìn-ín fún òun rí. Òun tí ó jẹ́ àkọ́bí! Òun tí ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí pálọ̀ kí ó lè wà nítòsí, tí àwọn oníbàárà fi ń pa dà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan! Àlejò tí ìjọba rán wá ni ìyá rí rẹ́rìn-ín fún.

Olùtọ́jú ni àlejò náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń sanwó fún pé kí wọ́n máa lọ bá àwọn aláìsàn nílé, kí wọ́n wẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bá wọn na ẹsẹ̀ tó ti kú, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa gbé oúnjẹ mì láìjẹ́ pé ó há wọn lọ́fun. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í jà, kì í pẹ́ dé, kò sí ohun tí èèyàn lè rí dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí Aránṣọ nínú. Ìyàwó Ìjọba ni ó sọ ọ́. Ẹ̀yìn ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fa orúkọ náà gùn bí ẹni tí orogún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ tuntun. Ó mọ̀ pé owú ni òun ń jẹ. Ṣùgbọ́n owú orí ọkọ ṣeé rò fún ọ̀rẹ́. Ta ni èèyàn fẹ́ lọ bá pé ìyá òun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ta kókó sí nìyí. Ìjọba ní owó kò sí, wọ́n fẹ́ dín ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ kù, ìtọ́jú inú ilé sì ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gé kúrò. Àwọn ìdílé tí wọ́n ní aláìsàn kóra jọ, wọ́n ní kí ẹnì kan lọ bá ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Aránṣọ. Wọ́n ní ẹni tó bá lè mú kí oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì parí rẹ́rìn-ín lọ sílé, kò sí aṣòfin tí kò lè bá sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ wú, ó gbà.

Ìgbà tó délé ló tó rò ó pé bí òun bá sọ̀rọ̀ náà dáadáa, Ìyàwó Ìjọba á dúró. Bí òun bá kàn sọ gbólóhùn méjì, tí òun sì jókòó ńkọ́? Wọ́n á gé e, ọmọbìnrin yẹn á wá iṣẹ́ mìíràn lọ, ìyá á sì rí i pé ọmọ òun nìkan ló kù lẹ́yìn òun. Ó fi èrò yìí sùn, ó fi jí. Gbólóhùn méjì náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń wọ aṣọ: ẹ ṣeun tí ẹ pè wá, a bẹ̀ yín, ẹ ro ọ̀rọ̀ wa wò.

Ó wọ yàrá lọ láti dágbére. Ilẹ̀kùn wà lápá òsì ibùsùn, ibẹ̀ náà ni àga tirẹ̀ wà. Òsì ni àrùn mú ìyá, ó sì dá Aránṣọ lójú pé níbi tí ara kò ti ní agbára ló yẹ kí ọmọ jókòó sí. Olùtọ́jú ti há ara rẹ̀ sáàárín ibùsùn àti fèrèsé lápá ọ̀tún, ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ṣíbí gbé oúnjẹ rírọ̀ sí ìyá lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Mò ń lọ."

Ìyá gbọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé ni ó yíjú sí, ọmọbìnrin yẹn ni ó wò, òun náà ni ó sì fi ahọ́n tó wúwo dá lóhùn: "Ó dàbọ̀, ọmọ mi." Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Aránṣọ á kí i, ìyá á dá ẹlòmíràn lóhùn. Nírọ̀lẹ́ pàápàá, tó bá ku àwọn méjèèjì, tí Aránṣọ ń fún un lóúnjẹ, á kọjú sí fèrèsé bí ẹni tó ń bá a jà, oúnjẹ á sì máa dà sí i láyà.

"Ẹ̀yin ni Màmá ń dá lóhùn, Mà," olùtọ́jú sọ ọ́ kẹ́lẹ́. "Ẹ bá bọ́ sí apá ọ̀tún níbí. Mo ti fẹ́ ṣàlàyé fún yín pé..."

"Ṣé ìwọ lo máa wá fi ibi tí màá dúró sí hàn mí nílé bàbá mi?"

Ọmọbìnrin náà gbójú wálẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ló ti ń mú ọ̀rọ̀ ọ̀tún yìí wá, Aránṣọ kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán rí. Ó nu ìyá lẹ́nu. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣáà bá wa sọ ọ́ dáadáa lọ́hùn-ún. Àwọn aláìsàn mi pọ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Aránṣọ wí, ó sì jáde.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wọn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ gé, ó jọ pé ẹ̀rọ yẹn kò sí níbẹ̀. Bàbá kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ rọ̀, ni alága, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ní fún gbogbo ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀: "Ṣé àwọn èèyàn yìí kò bímọ ni?" Ó ní nígbà tí àrùn yìí kan náà dá ìyá tòun dùbúlẹ̀, ìjọba kọ́ ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn aṣòfin yòókù ń mi orí. Aránṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mi orí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni bàbá náà ń sọ.

Dókítà obìnrin kan láti ilé ìwòsàn ìjọba ló sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, àwọn kan sì ti ń yán.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan," ó ní. "Bí rọpárọsẹ̀ bá mú èèyàn lápá òsì, nígbà mìíràn, ṣe ni ọpọlọ rẹ̀ á gbàgbé pé òsì wà. Ojú rẹ̀ ò fọ́ o, etí rẹ̀ ò di, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lósì kò sí fún un mọ́ nìyẹn. Á jẹ oúnjẹ tó wà lọ́tùn-ún àwo, á ní òun ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ pè é láti òsì, ọ̀tún ni yóò wò. Àwọn olùtọ́jú wa, a kọ́ wọn kí wọ́n lè mọ èyí. Ẹ ò lè mọ iye ìdílé tí mo ti rí, tí wọ́n jókòó sósì aláìsàn wọn, tí wọ́n ń sunkún pé ó ń bá àwọn bínú."

Aránṣọ kò gbọ́ ìyókù. Ó di apá àga mú. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, tó ń yíjú sí fèrèsé. Ṣé òun ni ó ń wá? Gbogbo ìgbà tí òun rò pé ó ń kẹ̀yìn sí òun, ṣé ó ń wá ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá ni? Ó rántí bí ó ṣe máa ń gbé àwo kalẹ̀ gbàgà nítorí ìbínú. Ó rántí ọmọbìnrin yẹn, tó ń ní kí òun bọ́ sí ọ̀tún. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Èyí tó wá burú jù ni pé owú náà kò lọ. Ṣe ló tún le sí i, nítorí ó ti wá rí i pé ọmọ ọlọ́mọ mọ ìyá òun ju òun lọ, òótọ́ sì ni.

Wọ́n pè é. Ó dìde, gbólóhùn méjèèjì ti fò lọ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ò lè tọ́jú ìyá yín ni?" alága bi í.

"Mò ń tọ́jú wọn, sà. Ọmọ tẹ́ ẹ ti ń bèèrè láti àárọ̀, èmi rè é." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò dúró dè wọ́n. "Mo fẹ́ràn ìyá mi. Ṣùgbọ́n òsì wọn ni mò ń jókòó sí, sà. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣàìsàn, òsì ni. Mo rò pé wọ́n kórìíra mi ni. Ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọn ò rí mi. Ọmọ tí ìjọba rán sí wa mọ̀ ọ́n. Ó ń sọ fún mi, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán, torí pé mò ń jowú ẹ̀."

Ẹ̀rín tún sọ. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ ń jowú ta ni?"

"Olùtọ́jú yẹn, sà. Mò ń jowú ẹ̀ bí orogún. Tí ìyá mi bá jẹun lọ́wọ́ ẹ̀, kì í há wọn lọ́fun. Lọ́wọ́ tèmi, ó máa ń há wọn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gé owó yẹn. Mo búra fún yín, ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn. Mo fẹ́ kó lọ, kí ìyá mi lè di tèmi nìkan." Ó kọjú sí alága. "Ṣùgbọ́n tó bá lọ, sà, oúnjẹ tí mo fi ìfẹ́ sè ló máa pa ìyá mi."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága ń nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí dókítà. "Ọ̀rọ̀ òsì yìí, ṣé bó ṣe ń rí láyé ìgbà tiwa náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá wọ́n bímọ tàbí wọn ò bí. Kí wọ́n tó túká, òun àti àwọn yòókù forí korí, ó sì kéde pé ìgbìmọ̀ òun kò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n gé ìtọ́jú inú ilé. Kí ìjọba lọ wá ibòmíràn gé. Àwọn ìdílé hó yèè, wọ́n dì mọ́ Aránṣọ, wọ́n ń lù ú lẹ́yìn. Ó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ṣe ló ń ṣe é bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa orogún wọlé.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tó délé. Olùtọ́jú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, àpò ti wà léjìká rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí, Mà?"

"Wọn ò gé e. Wàá máa bọ̀."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Aránṣọ wo orí rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó fà á dìde. Ó fẹ́ sọ pé kó má bínú, kó forí ji òun. "Ó ti rẹ̀ ẹ́," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Máa lọ sílé."

Ó wọ yàrá, ó kọjá lára àga rẹ̀, ó yípo ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì há ara rẹ̀ sáàárín ibùsùn àti fèrèsé. Ibẹ̀ fún mọ́ ọn. Ó jókòó.

"Màmá."

Ìyá wò ó. Ó wò ó kòrókòró, ojú rẹ̀ sì là. "Háà! O ti dé? Ìgbà wo lo dé?"

"Mo ti dé, Màmá."

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o." Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mọ́. "Ṣé ìrìn àjò náà dára?"

Aránṣọ fẹ́ sọ pé òun kò lọ síbì kankan, pé inú ilé yìí ni òun wà lójoojúmọ́. Ó gbé e mì. "Ó dára, Màmá. Ó kàn pẹ́ ni."

Ìyá na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó rù. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ rékọjá èjìká Aránṣọ, ó ń wá nǹkan.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé."

"Ṣé á wá lọ́la?"

Ó dun Aránṣọ wọra. Kò tíì jókòó gbóná, wọ́n ti ń bèèrè ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Á wá, Màmá," ó ní. "Lọ́la, lọ́túnla. Á máa wá."

Ara ìyá rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì di ojú. Aránṣọ mọ̀ pé kì í ṣe nítorí òun ni ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló lọ fi ẹnu ara rẹ̀ gba ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn wá. Owú náà ṣì ń ta á nínú. Ọwọ́ ìyá ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀, Aránṣọ kò sì fa ọwọ́ tirẹ̀ yọ.