Àpótí Ìbò Tó Dúró De Bàbá Àlàó

Nígbà náà, Bàbá Àlàó ṣì wà láyé, òun sì ni àgbà pátápátá ní Kaboua. Ìyá Clémentine amọ̀kòkò ṣì wà. Kamarou aláṣọ, ọmọ Ìlọrin tó máa ń fẹnu pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun náà ṣì wà. Igi oṣè iwájú ilé ẹ̀kọ́ gan-an ṣì wà, ìjì ò tíì wó o.

Òmìnira ò tíì dé. Bí ìbò bá dé, Ṣábẹ̀ẹ́ ni gbogbo ará oko ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ará Kaboua, ará Boni, ará Adido. Ẹni tó bá gbọ́nà nígbà tí àkùkọ kọ, oòrùn á ti kan án lórí kó tó fojú kan òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún tí Àyìnkẹ́, ìyàwó ọmọ Bàbá Àlàó, rin ìrìn náà, oyún wà nínú rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ibi ìdìbò ní títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Kò sunkún. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá ìjọba wá wo ọ̀nà ní Kaboua, òun ló jáde láàárín àwọn ọkùnrin, tó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbé àpótí ìbò wá bá wa níbí. A ó fi ìbò kún un fún yín."

"Bó bá padà lófìfo ńkọ́?"

"Kí ẹ má gbé e wá mọ́ láéláé."

Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Obìnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún odindi ìlú.

Àpótí dé lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó ṣáájú òmìnira. Tìmóthì, olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti Pọbẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mẹ̀tírì, ló jókòó tì í nínú ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìlú jáde, wọ́n tò dé ìdí igi oṣè. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Tìmóthì yọjú. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ wá dìbò."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mẹ̀tírì," ni Kamarou wí. "À ń dúró ni."

"Ta lẹ ń dúró dè?"

"Àlejò lèmi o. Ẹ bi àwọn onílé."

Ìyá Clémentine ló là á yé e. Ní Kaboua, bí iṣu tuntun bá jáde, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu kàn án ṣáájú àgbà ìlú. Ohun tuntun sì ni àpótí yìí. Bàbá Àlàó wà ní ahéré lọ́nà Boni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì sọ pé òun ń bọ̀.

"Ìyá, ìwé lásán ni," ni Tìmóthì wí. "Wọn kì í jẹ ẹ́."

"Kí ló wá dé tí àpótí yín fi lẹ́nu nígbà náà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Tìmóthì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní bí oòrùn bá ti wọ̀, òun á ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ń gòkè. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ̀gá ń dún sí Àyìnkẹ́ létí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún Ìyá Clémentine, ó bá Kamarou.

"Ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ yín."

"Ìwọ tí o ò mọ̀ ọ́n gùn?"

"Màá tì í."

"Aṣọ ni kẹ̀kẹ́ mi ń rù o, kì í ru àgbà." Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń tú ẹrù sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ahéré, Àyìnkẹ́ bá Bàbá Àlàó níbi tó ti ń pọ́n ọkọ́.

"Bàbá, wọ́n ń dúró dè yín kí ẹ wá tọ́ ìbò wò."

"Ìjọba tó mú mi lọ fọ́ òkúta ojú irin, kí ló tún fẹ́ gbà?"

"Kò gba nǹkan kan. Ó fẹ́ bi yín léèrè ẹni tí ẹ fẹ́ ni."

Bàbá gbé ọkọ́ kalẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìjọba ò bi mí ní nǹkan kan rí." Ó ní kí Àyìnkẹ́ bu omi wá, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú.

Àyìnkẹ́ ti kẹ̀kẹ́ náà la ẹrẹ̀ kọjá, Bàbá jókòó gbọnrangandan lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ, àwọn ọkùnrin tó tò dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Bàbá wọlé, ó fi ìwé náà kan iwájú orí, ó sọ ọ́ sínú àpótí. Ó jáde.

"Mo ti tọ́ ọ wò. Ẹ máa jẹ."

Nígbà tí oòrùn máa wọ̀, igi ni Tìmóthì fi ń ki ìwé mọ́lẹ̀ nínú àpótí. Ọ̀gá gbọ́, ó ní bí ìbò bá ti dé, àpótí á máa wá sí Kaboua. Boni béèrè tiwọn, Adido béèrè tiwọn. Ibi tí wọ́n ń pè ní igbó di ibi tí àwọn tó ń du ipò ń wá kí.

Bàbá pe Àyìnkẹ́ lọ́jọ́ kan lójú gbogbo ìlú. "Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí, kí wọ́n má dúró. Ìwọ tó wá mú mi, ìwọ ni kí o ṣáájú."

Ọdún òmìnira gan-an, nígbà ọyẹ́, àpótí tún dé. Bàbá jí, ó wẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó lọ jókòó sídìí igi oṣè kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí Tìmóthì ṣí i, tó ní kí Bàbá máa bọ̀, Bàbá ò dìde. Ìyá Clémentine fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Ó ti tutù.

Wọ́n gbé e lọ sílé, ìlà náà sì ń wo Àyìnkẹ́. Kamarou ṣí fìlà, ó yà lọ́nà fún un. Àyìnkẹ́ fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó wọlé, ó sọ ìwé tirẹ̀ sínú àpótí ṣáájú gbogbo ìlú.