Fíríìjì Tí Àbúrò Jẹ́rìí Sí

Dókítà Fíríìjì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọn ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ọdún mọ́kàndínlógún tó fi ń tún fíríìjì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi etí lé lára, kó gbọ́ bó ṣe ń mí, kó tó mú irinṣẹ́. Wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé ó máa yè báyìí?" Òun náà á ní, "Àfi tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ sàréè ẹ̀."

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà. Fíríìjì àtijọ́, irin ni. Tòde òní, ike lásán. Wọ́n lẹ gbogbo ara rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ojú tí èèyàn fẹ́ gbà tú u, àfi bí ẹni pé ẹni tó ṣe é ń bá ẹni tó fẹ́ tún un ṣe jà. Tó bá ti kú, ó kú nìyẹn, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Bí oníbàárà ṣe ń dín kù ni oúnjẹ ń dín kù nínú ìkòkò. Nígbà tí ilé ìtajà ńlá kan ní àwọn ń wá ẹni tó mọ tinú tẹ̀yìn ẹ̀rọ, tí yóò máa gba àwọn tó ń rajà nímọ̀ràn, Dókítà ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba iṣẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́ wọlé ọkọ, kò tijú ẹnikẹ́ni. Ọkọ náà, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, ọlọ́yàyà èèyàn, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gún lójoojúmọ́, oògùn náà ò sì gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù. Fíríìjì ilé wọn ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dé sí, àga ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ tutù débi pé ó ń ta ni léyín.

Ariwo rẹ̀ ló sú ẹ̀gbọ́n. Ó wá sí ilé ìtajà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, èwo ni kí n gbé?"

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá ti pàṣẹ pé fíríìjì aláwọ̀ fàdákà kan ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa polówó fún oníbàárà. Mẹ́fà nínú irú rẹ̀ ni wọ́n ti dá padà láàárín oṣù kan. Dókítà tú ọ̀kan wò, ó sì rí i pé páìpù tí gáàsì ń gbà kò nípọn ju ewé lọ. Nígbà tó sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní, "Sọ fún wọn pé iná ilé wọn ni ò dáa." Ọ̀gá dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn báyìí, ó ń wò wọ́n. Dókítà sọ nínú ara rẹ̀ pé mẹ́fà kì í ṣe gbogbo rẹ̀, pé kò sí ohun tó máa ṣe tẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ gbé aláwọ̀ fàdákà yìí," ló wí.

"Ṣé ó máa tọ́jọ́? O mọ̀ pé inú ẹ̀ loògùn bùọ̀dá ẹ máa wà."

"Ó máa tọ́jọ́."

"Tí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí." Kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Dókítà fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé ti àtijọ́ jáde, tó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Oṣù kẹjọ tí wọ́n gbé e délé ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò fura? Iná inú rẹ̀ ń tàn, ó ń kùn jẹ́jẹ́, omi inú rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Ooru ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an lásìkò náà. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ń gún abẹ́rẹ́ tí kò lágbára mọ́, tó rò pé òun ń tọ́jú ara òun. Bàtà bó o lẹ́sẹ̀ òsì, egbò kékeré, kò jinná. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti dúdú. Dókítà oníṣègùn gidi ní kí wọ́n gbé oògùn náà wá kí òun rí i. Ó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọ ilé ìtajà pẹ̀lú ìwé gárántì nínú ọ̀rá. Kò pariwo. Ọ̀gá gbọ́ ohun tó sọ tán, ó wá kọjú sí Dókítà, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún màmá."

Dókítà gba ìwé náà. "A ó tún ẹ̀rọ ṣe, tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, tàbí nítorí rẹ̀, kò kàn wá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. "Ṣé àwọn èèyàn ti ń dá irú ẹ̀ padà kó o tó ní kí n gbé e?"

Ọ̀gá húkọ́. Dókítà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ilé yín ni ò..."

Obìnrin náà gba ìwé rẹ̀, ó ká a sínú ọ̀rá. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí fún àbúrò rẹ̀. "Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́."

Ẹ! Ẹnu tó kọ́ Dókítà bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kó gbá a létí.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó rò ó títí, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ń jẹun nílé. Lọ́jọ́ Sunday, ó gbé irinṣẹ́, páìpù tó nípọn àti gáàsì, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," lẹ̀gbọ́n wí, ó sì gbé omi fún un nínú ife àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà mí."

"Kí lẹ ṣe? Iṣẹ́ yín lẹ̀ ń ṣe."

Láti orí àga rẹ̀ ni awakọ̀ ti ké sí i: "Dókítà! Wọn kì í ta ẹsẹ̀ níbi tó o ti ń bá wọn tajà ni? Kó jẹ́ àlòkù pàápàá, màá gbà á." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ó tó wákàtí márùn-ún kí Dókítà tó ṣe é tán. Iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà, kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Omi dì nínú rẹ̀ kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Ó ti dáa báyìí. Ẹ lè gbé oògùn sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" lẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Ó lanu. "Èmi" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde, kò jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kúlà kékeré kan nílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó sì sọdá títì lọ sílé tíṣà tó ń gbé ní ọ̀kánkán wọn, níbi tó ń tọ́jú oògùn sí látìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, kó lọ gba abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ wá.