Tírà Ìdí Ọkọ̀ Aláìnírù

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí oyin ẹnìkejì korò lẹ́nu wa.

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, Ganiat ni wọ́n ń pè ní Páílọ́ọ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe fóònù ló ní l'Ápọ́ngbọ̀n, ṣùgbọ́n fóòmù inú páálí tẹlifíṣàn ló fi ń gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké tó ń fò ní tòótọ́. Bí ọ̀kan bá ti gbéra, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ tí í gbé àṣíá etí ọ̀sà!" Ganiat a dúró bí ìyàwó tuntun. Oríkì yẹn ni oúnjẹ rẹ̀.

Àfi bí Taslimah, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí Ganiat fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí a ti ń gé fóòmù, ṣe gbé tirẹ̀ jáde. Ọkọ̀ náà ò nírù. Kò lára pàápàá. Apá lásán ni, bí àdán.

"Taslimah, ìrù rẹ̀ dà? Ológbò ló jẹ ẹ́ ni?"

Taslimah rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Ganiat, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ti fi irú rẹ̀ fò. Àwọn Jámánì náà kàn án kí ogun Hítílà tó dé. Wọ́n ní ara àti ìrù ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn."

"Gbogbo àwọn tó fi í fò, ṣé wọ́n délé?"

"Àwọn kan ò délé. Ìwọ̀n ló le níbẹ̀. Imú gbọ́dọ̀ wúwo, mo ti fi òjé sí i. Bí ìdí bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ìrù tí yóò gbà á sílẹ̀. Takìtì ni."

Ganiat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún gan-an nìyẹn: òun mọ̀ ọ́n, òun ò sì ṣe é. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà ò mú un móoru.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, gbogbo wa pé sí etí ọ̀sà. Ìyá Àgbà mú tírà aláwọ kan tó wúwo lọ́wọ́ wá. Nínú agboolé wa, ọmọbìnrin tó dàgbà jù ló ń so tírà mọ́ ohun tuntun, ì báà ṣe mọ́tò, ì báà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ganiat, gbà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn." Ló bá kọjú sí Taslimah. "Àjọkẹ́! Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ọmọ afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ tí í gbé àṣíá etí ọ̀sà!"

Ọkọ̀ ò tíì gbéra o! Ti Ganiat gbọ́dọ̀ fò kó tó gba oríkì. Àyà rẹ̀ ta á bí ata. Taslimah ń wo rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀. Ganiat fa sẹ́lótéèpù, ó lẹ tírà náà mọ́ ìdí ọkọ̀, ní àárín gbùngbùn. Ta ni yóò fẹ̀sùn kan àdúrà?

Ó jù ú. Ọkọ̀ gbé imú sókè, ó tún gbé e, bí ẹni ń wá ojú Ọlọ́run. Ó takìtì, ó já lulẹ̀ gbàgà sínú yanrìn.

Oríkì já lẹ́nu Ìyá Àgbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àdúrà mi ni kò gbà. Èmi ni mo kó bá ọmọ. N kò ní kì ọkọ̀ kankan mọ́ láyé mi."

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí Ganiat bá dákẹ́, Taslimah ò ní í gba oríkì mọ́. Ganiat náà ò sì ní í gbà á mọ́. Ti Taslimah yẹn ṣì dùn mọ́ ọn díẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í. Ṣùgbọ́n ó wo arúgbó náà nínú yanrìn. Ó gbé ọkọ̀, ó ṣí tírà kúrò ní ìdí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú.

Taslimah ń wò ó. "Àǹtí, ẹ mọ̀ pé imú ló yẹ kó wà?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀ nígbà yẹn."

Ìyá Àgbà gbọ́. Taslimah gbé rìmóòtù. "Ẹ jù ú," ló wí, kò fi àǹtí kún un.

Ọkọ̀ gba orí omi lọ, pẹrẹsẹ bí àwòdì. Ìyá Àgbà dìde. "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́!" Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há. Ganiat dúró, ó ń retí kí wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, ó bá wọn ṣe àmín, owú náà sì há sí i lọ́fun bí eegun ẹja.